Bí Mẹkáníìkì Bá Ba Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tuntun Jẹ́, Kí Ni Ó Jẹ Ẹni Tó Ni Ọkọ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ láàárín wa: àwọn onítakisí, àwọn oní-dáńfó, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lọ sí ọjà, títí dé ẹni tó ra ọkọ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ó sì kan àwọn mẹkáníìkì àti fọ́kanáísà tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú wa, nítorí kì í ṣe ogun la fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìbéèrè wa ni pé, bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ tó ní táyà àti ríìmù tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì bà wọ́n jẹ́ níbẹ̀, kí ni ṣọ́ọ̀bù jẹ ẹ́?

Gbogbo wa la mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọṣẹ́ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá á ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ èṣù ni." Àwọn tó wà nítòsí á bá wọn bẹ̀bẹ̀. Àgbà kan á ní, "Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é." Ojú á wá ti oníbàárà láti tún sọ̀rọ̀, á sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó tán nìyẹn, àbí?

Kò tán o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦480,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ra táyà mẹ́rin àti ríìmù mẹ́rin sí takisí rẹ̀, kí ó sì san án láàárín oṣù 12. Láìka èlé, ₦40,000 ni yóò máa san lóṣooṣù. Bí wọ́n bá fọ́ ríìmù kan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, akápò kò ní yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú ₦40,000 yẹn. Àwọn onídùúró rẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ríìmù ti lọ, gbèsè ríìmù wà nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ a máa pa ìbínú, ṣùgbọ́n kì í san gbèsè.

BÍ A ṢE GBÀ Á NI À Ń DÁ A PADÀ

Bí a bá gbé àdá fún alágbẹ̀dẹ pé kó bá wa pọ́n ọn, tí àdá dá sí i lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ibi tí àdá mìíràn yóò ti wá. Bí a bá gbé léèsì fún télọ̀, tí áyọ́ọ̀nù jó o, ṣé owó ìránṣọ nìkan ni télọ̀ yóò sọ pé òun fi jìn wá? Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ kì í di tirẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú àti iṣẹ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà bó ti gbà á, tàbí kó dára ju bó ti gbà á lọ.

Òfin tí ilé ẹjọ́ wa ń lò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ní ọdún 1703, láàárín Coggs àti Bernard. Bernard ní òun yóò bá Coggs kó àgbá ọtí bíràńdì láti ibi ìpamọ́ kan lọ sí òmíràn. Kò gba owó kankan lórí rẹ̀. Nípa àìbìkítà, àgbá kan fọ́, ọtí sì dànù. Ilé ẹjọ́ ní Bernard ló ni ẹ̀bi. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fi ṣe é, ó ti gba ẹrù ẹlẹ́rù, ó sì yẹ kó fi ọgbọ́n gbé e. Bí ẹni tó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ bá lè jẹ̀bi, ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ ńkọ́?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á fún iṣẹ́ olówó, òun ni òfin ń wò pé kó ṣàlàyé bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Oníbàárà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lu táyà. Báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó fi òòlù gbá a?

Ìjọba àpapọ̀ tún ti ṣe òfin kan tó dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n pè ní òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe é bó ti yẹ kí iṣẹ́ rí, kí ó sì dá ohun ìní oníbàárà padà ní ipò tó dára tó bó ṣe wà nígbà tí ó gbà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí ó ṣe àtúnṣe, tàbí kí ó dá ìwọ̀n tó yẹ padà nínú owó iṣẹ́ tó gbà.

Ẹ wá wo pátákó tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń gbé kọ́ pé àwọn kò dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Pátákó yẹn lè ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tó fi owó sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi àìbìkítà ba iṣẹ́ tí a gbé fún un jẹ́.

ỌMỌṢẸ́ BÀ Á JẸ́, Ọ̀GÁ NI YÓÒ SAN ÁN

Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé, "Èmi kọ́ o, ọmọ yẹn ni, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe ọmọṣẹ́ ni oníbàárà gbé ọkọ̀ fún. Ọ̀gá ló gba iṣẹ́, ọ̀gá ló gba owó, ọ̀gá ló sì rán ọmọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọmọ bá ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an, tí nǹkan bàjẹ́, ọ̀gá ni òfin mọ̀. Ohun tí ọ̀gá yóò bá ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé wọn.

BÍ ẸSẸ̀ ỌKỌ̀ ṢE Ń BÀJẸ́ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ó yẹ kí oníbàárà mọ ibi tí ojú rẹ̀ yóò wà. Àwọn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

Àkọ́kọ́, irin ìtú táyà. Ríìmù onírin lásán le, ó lè gba ìyà díẹ̀. Ríìmù àlọ́ì, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, kò gbà á. Bí wọ́n bá fi irin àti òòlù tú táyà lára rẹ̀, etí rẹ̀ á ya, ó tilẹ̀ lè sán. Irin yẹn náà tún lè ya etí táyà, ibi tó di ríìmù mú. Bí etí yẹn bá ti ya, kò sí àtúnṣe fún un mọ́.

Èkejì, nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dè é títí tí kò lè yí mọ́, bóòtù lè já, ihò ríìmù sì lè bàjẹ́. Bí wọn kò bá dè é tó, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa mì, ihò á máa fẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì lè yọ lójú ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, agbára tí a fi ń dè é wà láàárín nǹkan bí 100 Nm sí 120 Nm. Ìwé ọkọ̀ ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an. Sípánà kan wà tó ń díwọ̀n agbára yìí. Mẹkáníìkì gidi á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, á máa dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, kò ní dè wọ́n yípo. Á sì sọ fún oníbàárà pé kó padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá rin nǹkan bí kìlómítà 50 sí 100.

Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kí etí rẹ̀ lè jókòó sára ríìmù, kò yẹ kó kọjá 40 psi. Bí kò bá jókòó, kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo ohun tó dí i lọ́wọ́. Àfikún afẹ́fẹ́ lè mú kí táyà bẹ́, kó sì pa ẹni tó ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹrin, jáàkì. Ọkọ̀ tó yọ lórí jáàkì lè já lé ríìmù tí wọ́n gbé sílẹ̀ lórí. Ó sì lè já lé ènìyàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ táyà.

KÍ NI IYE TÓ TỌ́?

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Oníbàárà kan á ní kí wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹkáníìkì á ní òun á bá a wá tòkunbọ̀ kan. Ìlànà tó tọ́ ni pé kí a dá oníbàárà padà sí ibi tó wà kí nǹkan tó bàjẹ́. Kò gbọ́dọ̀ pàdánù, kò sì gbọ́dọ̀ jèrè lórí ọ̀rọ̀ náà.

1. Bí ó bá ṣeé tún ṣe dáadáa, ṣọ́ọ̀bù ni yóò san owó àtúnṣe. Ríìmù onírin tó tẹ̀ díẹ̀ lè ṣeé nà. Ríìmù àlọ́ì tó kàn ha lójú lásán ṣeé kùn. Ṣùgbọ́n àlọ́ì tó ti sán, ẹ má gbà kí wọ́n jó o kí wọ́n sì dá a padà sábẹ́ ọkọ̀ akérò. Ẹ̀mí ló wà lórí rẹ̀. Bákan náà ni táyà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́: kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀.

2. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, irú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yóò rà. Tuntun fún tuntun, ìwọ̀n kan náà, orúkọ kan náà bí ó bá ṣeé rí. Tòkunbọ̀ kì í rọ́pò tuntun. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló bàjẹ́, ẹyọ kan ni a jẹ oníbàárà. Bí irú ríìmù yẹn kò bá sí lọ́jà mọ́, kí wọ́n jókòó sọ ọ́, nítorí ọkọ̀ kò dára kó máa wọ bàtà tí kò bára mu.

3. Bí táyà náà bá ti pẹ́ díẹ̀, kí a yọ ohun tí a ti jẹ lára rẹ̀. Ká ní jíjìn ojú táyà jẹ́ mílímítà 8 nígbà tó jẹ́ tuntun. Táyà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá kù 1.6, níbi tí àmì inú ihò rẹ̀ ti máa hàn. Mílímítà 6.4 ni ìlò rẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá ku 4.8 lọ́jọ́ tó bàjẹ́, ìlò 3.2 ló ṣẹ́kù, ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Bí tuntun bá jẹ́ ₦100,000, ₦50,000 ni ṣọ́ọ̀bù jẹ yín.

4. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́. Onítakisí lè béèrè owó ọjọ́ tó pàdánù, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Bí ó bá ń pa ₦30,000 lójúmọ́, tí epo àti owó gáréèjì sì gba ₦18,000, ₦12,000 ni àdánù rẹ̀. Ọjọ́ méjì, ₦24,000. Ẹ tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ yín, nítorí òun ni ẹ̀rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ohun tó lè parí lọ́jọ́ méjì. Òfin kì í san owó ọ̀lẹ.

5. Owó iṣẹ́ tó bàjẹ́. Bí iṣẹ́ tí ẹ gbé lọ kò bá ṣe é ṣe nítorí ìbàjẹ́ náà, ẹ lè gba owó iṣẹ́ padà, tàbí ìwọ̀n tó yẹ nínú rẹ̀.

OHUN TÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ KÒ JẸ YÍN

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti mẹkáníìkì pẹ̀lú.

Bí ríìmù ti tẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò jẹ̀bi. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, tó sì sọ fún yín pé bóòtù lè já bí òun bá fagbára tú u, tí ẹ ní kó máa tú u lọ, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Bí ẹ bá ra táyà tí kò bá ríìmù mu, tí ó kìlọ̀ fún yín, tí ẹ ní kó ṣáà bá yín gbé e wọ̀ ọ́, ẹ má padà wá bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Mẹkáníìkì tó rí i pé nǹkan le, kó dúró, kó pe oníbàárà lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ lẹ́yìn tí nǹkan ti fọ́ kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́, àwáwí ni.

ỌJỌ́ TÍ Ẹ GBÉ E FÚN WỌN NI ẸJỌ́ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ yìí kì í nira nítorí òfin, ó máa ń nira nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe rí kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lè gbà yín lọ́wọ́ ìjà oṣù márùn-ún.

Kí oníbàárà àti mẹkáníìkì jọ yí ọkọ̀ po. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó wà ní búùtù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: irú táyà, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àwọn àmì ara táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 3124, ó túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 31 nínú ọdún 2024. Bí ẹ bá gbé 3124 wọlé, tí ẹ sì bá 1817 lábẹ́ ọkọ̀ yín lálẹ́, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wa. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé náà. Rìsíìtì tí ẹ fi ra táyà, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ìwé yìí kò fi ìwà olè kan mẹkáníìkì o. Ó ń dáàbò bo òun náà lọ́wọ́ oníbàárà tó fẹ́ fi ìlà àtijọ́ gba ríìmù tuntun.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má pariwo. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ lọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, nítorí bí ẹ bá ti wà á jáde, wọ́n lè ní kòtò ojú ọ̀nà ló fọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán níbẹ̀. Ẹ fi han ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹ gba iye owó láti ibi méjì tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ ó sọ.

Bí ọ̀gá bá gbà pé òun yóò san án, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ọjọ́ tí yóò san, orúkọ àti ìfọwọ́sí. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kó san án díẹ̀díẹ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ ni ẹnikẹ́ni yóò kọ́ ní sísan díẹ̀díẹ̀.

Bí kò bá gbà, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ wọn. Àwọn mẹkáníìkì ní ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí NATA, alága wọn ní àdúgbò sì máa ń dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ pe ìgbìmọ̀ wa, a ó bá yín jókòó. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ní ibi ìlàjà fún aráàlú tó ti wà láti ọdún 1999, wọn kì í sì gba owó. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, náà ń gba ẹ̀sùn.

Ilé ẹjọ́ ló kẹ́yìn. Ní ọdún 2018, Èkó dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún gbèsè kéékèèké, tí kò ju ₦5,000,000 lọ nígbà náà, pẹ̀lú èrò pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ rí i báyìí ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ iye owó sílẹ̀: ìwé àdéhùn yẹn ló ń sọ ọ̀rọ̀ ríìmù fífọ́ di gbèsè tó ní iye. Síbẹ̀, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Bí ìlàjà bá lè yanjú rẹ̀, ó sàn.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti fọ́kanáísà wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Kò sí oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣèèṣì. Ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ oṣooṣù, kí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá lè sọ pé, "Ẹ má bínú, owó ríìmù yín rèé," oníbàárà rẹ̀ kò ní sá lọ. Yóò tún mú ẹlòmíràn wá.

Ire o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.